Wolé-wolé Ti Dé, Onílé Ló Wá Yẹ̀ Wò

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa ò lè gbàgbé wolé-wolé. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè nínú aṣọ kakí, kálukú á sáré lọ da omi ìkòkò nù, kó má baà bá tanwíjí níbẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn la gbé wọ bàálù wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Títí di òní, bí a bá gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá yẹ ilé wò, àyà wa á kọ́kọ́ já ná.

Ti ibí yìí yàtọ̀. Onílé ni wọ́n wá yẹ̀ wò. Iná ilé gogoro Grenfell tó pa èèyàn 72 ní 2017 wà lára ohun tó bí òfin ọdún 2023 tó gbé agbára àtiyẹ onílé wò lé àjọ Regulator of Social Housing lọ́wọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti ń yẹ káńsù àti housing association tó bá ní ilé 1,000 sókè wò ní England. C1 ni máàkì tó dára jù, C4 ló burú jù. Southwark, níbi tí Peckham tiwa wà, gba C3 ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Àmọ́ wọn ò ní kan ilẹ̀kùn gbogbo wa. Wọ́n á bá ayálégbé díẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á sì ka ìwé: ìwé àtúnṣe, ìwé ẹ̀sùn. Kí ni tiwa tó wà nínú ìwé? Ògiri bu dúdú, a fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, a kùn ún lọ́dà kí àlejò ìsọmọlórúkọ má baà rí i. A wá dé òde àríyá, a bú káńsù títí ilẹ̀ fi mọ́, lédè Yorùbá. Lójú ìwé, ilé tẹ́nìkan ò fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ilé tó dára ni. (Èmi tí mò ń kọ èyí fi ike gbe omi àjà tó ń jò fún ọdún méjì kí n tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo ní n ò fẹ́ wàhálà.)

Ní Rochdale, ògiri tó bu ló ṣekú pa Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwọn òbí rẹ̀ fẹjọ́ sùn, wọn ò rí olùgbọ́. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025: bó bá jẹ́ ewu pàjáwìrì, kí wọ́n wá láàárín wákàtí 24, bó bá jẹ́ ọ̀rinrin tàbí ògiri tó bu débi tó lè ṣeni léṣe, kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ìgbà tọ́rọ̀ bá dé etí onílé ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Bí èsì rẹ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn ìpele ẹ̀sùn méjèèjì, ẹ gba ọ̀dọ̀ Housing Ombudsman lọ. Wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ á jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá wa láti bá wọn kọ ẹ̀sùn. Ẹ mú fóònù yín dání. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò ògiri náà kí ẹ tó kùn ún.