Igbó àti ọpọlọ ọ̀dọ́: Kì í ṣe wèrè nìkan ló yẹ kí òbí máa bẹ̀rù

Agbára káká ni ọ̀sẹ̀ kan fi ń kọjá tí ìròyìn kò ní gbé e pé àjọ NDLEA tún kó àpò igbó rẹpẹtẹ níbì kan. Wọ́n á ka kílò rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò àwọn tí wọ́n mú, ó tán. Ohun tí igbó ń ṣe lórí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń fà á lẹ́yìn ilé ìwé kì í sábà wọ inú ìròyìn. Nínú ilé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ òbí ní fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: "Igbó á yí ẹ lórí o!"

Wọn kò parọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ìlú kan ní Yúróòpù àti ní Bùràsílì, tó jáde ní 2019, fi hàn pé ẹni tó ń mu igbó lójoojúmọ́ fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sún mọ́ àrùn ọpọlọ tó le ju ẹni tí kò mu ún rí lọ. Bó bá jẹ́ pé èyí tó lágbára gan-an ló ń mu lójoojúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún. Àmọ́ ọmọ náà mọ àwọn bọ̀dá àdúgbò tó ti ń mu ún láti ọdún mẹ́wàá tí orí wọn kò yí. Ó ń rí wọn nínú fídíò orin pẹ̀lú, tí wọ́n ń gun mọ́tò ńlá. Bí wèrè nìkan ni òbí fi ń dẹ́rù bà á, tí kò sì rí wèrè, ohun yòókù tí òbí bá sọ di àlọ́ létí rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí igbó ń ṣe tí kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ èrè ni, ìyẹn bí ọpọlọ ṣe ń mọ̀ pé nǹkan kan tó ohun tí èèyàn ń ṣe wàhálà lé lórí.

Ibi kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní nucleus accumbens. Ó wà lára àwọn ibi tó ń sọ fún èèyàn pé, "Èyí dáa, tún un ṣe." Kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni dópámíìnì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé dópámíìnì ni adùn fúnra rẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Wọ́n ti dán an wò lára ọ̀bọ: wọ́n á tan iná, wọ́n á wá fún un ní omi èso mu. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà tí omi èso bá kan ẹnu ọ̀bọ ni dópámíìnì ń jáde. Nígbà tí ọ̀bọ wá mọ̀ pé iná ló ń ṣáájú omi èso, kété tí iná bá ti tàn ni ó ń jáde. Ìfojúsọ́nà nìyẹn. Òun ló ń gbé ọmọ dìde láàárọ̀ kùtù láti kàwé fún ìdánwò WAEC tí èsì rẹ̀ ṣì jìnnà. Òun náà ló ń mú kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ fara da ọdún mẹ́ta nítorí ọjọ́ tó máa gba fíríìdọ́ọ̀mù.

Ara èèyàn fúnra rẹ̀ ní èròjà tó ń ṣiṣẹ́ bíi ti igbó. Ní 1992, ilé ìwádìí Raphael Mechoulam ní Jerúsálẹ́mù rí ọ̀kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní anandamide, láti ara ọ̀rọ̀ èdè Sanskrit tó túmọ̀ sí ayọ̀. Mechoulam yìí kan náà wà lára àwọn tó yọ THC, èyí tó ń pa èèyàn bí ọtí nínú igbó, sọ́tọ̀ ní 1964. Èròjà ti ara ń jáde díẹ̀díẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti nílò rẹ̀, ó sì ń tètè pòórá. THC kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn kan náà ló ń gbà wọlé, àmọ́ gbogbo ilẹ̀kùn ló ń ya bò lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í tètè lọ. Dópámíìnì á jáde láìjẹ́ pé ẹni náà ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ wò ó bí ẹni tó ń gbowó oṣù láìdé ibi iṣẹ́.

Ọpọlọ kì í sì í gbó tán títí èèyàn á fi máa sún mọ́ ọmọ ọdún 25. Apá tó ń wá èrè ti máa ń gbóná kí apá iwájú orí tó ń sọ pé "dúró ná" tó lágbára. Òbí tó bá ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílé kò nílò onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kó tó mọ ìyẹn.

Ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé ọ̀dọ́ 108 fún ọdún mẹ́rin, láti nǹkan bí ọmọ ogún ọdún. Èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n ń gbé wọn sínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n sì ń ní kí wọ́n ta géèmù kan. Àmì kan á kọ́kọ́ fi iye owó tí wọ́n lè jẹ hàn wọ́n, wọ́n á dúró díẹ̀, kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì kíákíá. Ìgbà ìdúró yẹn gan-an ni àwọn olùṣèwádìí ń wò. Bí ẹnì kan bá ṣe ń mu igbó tó, bẹ́ẹ̀ ni nucleus accumbens rẹ̀ ṣe ń rọlẹ̀ tó nígbà tí wọ́n bá tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Owó wà níwájú, ọpọlọ kò fi bẹ́ẹ̀ ta kìjí.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé èyí lọ sórí pẹpẹ ìwàásù, kò tán síbẹ̀ o. Inú ètò kan tó ń tẹ̀lé àwọn ẹbí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìṣòro ọtí ni wọ́n ti mú àwọn 108 náà. Ní 2022, ètò ìwádìí CannTeen ní London fi ọmọ ọdún 16 àti 17 wé àgbà ọmọ ọdún 26 sí 29. Àwọn tó ń mu igbó nínú wọn ń mu ún ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Wọn kò rí i pé wọ́n ya ọ̀lẹ ju àwọn tí kì í mu lọ, tàbí pé adùn nǹkan kúrò lára wọn. Inú ẹ̀rọ MRI náà, wọn kò rí ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ wọn ṣe ń fojú sọ́nà fún èrè.

Ṣé Michigan ló wá ṣì í ni? Kò dájú bẹ́ẹ̀. Michigan tẹ̀lé àwọn èèyàn kan náà fún ọdún mẹ́rin. Àyẹ̀wò ti London yìí wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ètò CannTeen kan náà ló tún rí i pé ọ̀dọ́ tó ń mu igbó fi ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ sún mọ́ kí igbó di bárakú tó le fún un ju àgbà tó ń mu ún lọ. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Bárakú fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ èrè ni: kọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ ń jókòó sí, òórùn èéfín, ìró ṣáná, gbogbo rẹ̀ á di iná tó ń tàn fún ọ̀bọ. Ọmọ náà lè má ya ọ̀lẹ. Ó kàn jẹ́ pé ohun tó ń fojú sọ́nà fún ti yí padà.

Nílé níbí, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2018 káàkiri Nàìjíríà sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 10.6 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló mu igbó láàárín ọdún kan. Ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn ló lo òògùn olóró kan tàbí òmíràn. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìdá 33 ni. Ọmọ ọdún 19 ni ọjọ́ orí tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ igbó tí a bá pín in dọ́gba, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Tí Colorado bá wá wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ di méjì: ewé tí wọ́n fọ́n kẹ́míkà sí ni, kẹ́míkà náà sì ń gbá ilẹ̀kùn kan náà mú ju THC lọ fíìfíì.

Òfin NDLEA fi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 lélẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ká òògùn olóró mọ́ lọ́wọ́. Òbí tó mọ èyí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó lè na ọmọ, ó lè gbé e lọ sí ilé àdúrà, kó sì jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tán ló máa tó gbé e dé Àrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn. Ìpamọ́ yìí burú ju ìtìjú tí wọ́n ń sá fún lọ, nítorí pé ohun tí igbó yí padà lè padà bọ̀ sípò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 rí i pé ilẹ̀kùn tí THC ń gbà wọlé dín kù nínú ọpọlọ àwọn àgbàlagbà tó ń mu igbó lójoojúmọ́, àmọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọn kò fẹnu kàn án, ó ti ń padà sí bó ṣe yẹ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń le jù. Ọmọ lè má rí oorun sùn, oúnjẹ lè má wù ú, ó lè máa kanra mọ́ gbogbo èèyàn nínú ilé. Òbí tó bá rí èyí kò gbọ́dọ̀ rò pé wèrè ló dé: igbó ló ń kúrò lára ọmọ náà.