Ta Ló Sọ Pé Ìlú Tí Kò Lọ́ba Kì Í Ṣe Ìlú?

"Ta ni ọba wọn?" Ìbéèrè tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn nígbà tí mo fi àwòrán Jenne-jeno hàn án lórí fóònù mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. A jọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lórí ọ̀làjú ìgbà láéláé, ìwé tí wọ́n sì fi ń kọ́ wọn ti to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: Mesopotamia, Íjíbítì, Gíríìsì, Róòmù. Nígbà tó kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó dárúkọ Gánà, Málì àti Songhai, pẹ̀lú orúkọ ọba mẹ́ta, ó parí. Mo ní wọn kò tíì rí ọba kankan ní Jenne-jeno. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpùrọ́. "Àǹtí, ta wá ni ó ń darí wọn?"

N kò bá ọmọ náà wí. Àwa àgbà ni mo fẹ́ bá jà.

Òkìtì ńlá kan ni Jenne-jeno, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí ìlú Djenné ní Málì, níbi tí Odò Ọya ti ń ya sí ọ̀nà púpọ̀, tó sì ń bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Kí Susan àti Roderick McIntosh tó wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1977 àti 1981, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà ni pé òwò àwọn Lárúbáwá tó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ló bí ìlú ńlá lágbègbè wa. Ohun tí wọ́n bá nínú ilẹ̀ já èyí. Àwọn ènìyàn ti tẹ ibẹ̀ dó láti nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n ń rọ irin, wọ́n ń jẹ ìrẹsì, kì í sì í ṣe ìrẹsì ilẹ̀ Éṣíà o, ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà tiwa ni. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 800 lẹ́yìn ìbí Kristi, ìlú náà ti fẹ̀ tó hẹ́kítà 33, odi alámọ̀ tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà méjì sì yí i ká. Ó di nǹkan bí ọdún 1400 kó tó dahoro. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní 1,600 ọdún. Nàìjíríà kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó gbòmìnira.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ló gbà mí lọ́kàn jù. Láàárín kìlómítà mẹ́rin sí òkìtì ńlá yẹn, nǹkan bí òkìtì 70 ló wà. Lórí àwọn kan, iṣẹ́ irin ló pọ̀. Lórí àwọn mìíràn, ohun èlò apẹja. Òkúta tí wọ́n ń yọ́ irin nínú rẹ̀ kò sí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, kódà ọlọ ata láti ibòmíràn ló ti ń wá, bàbà pẹ̀lú. Alágbẹ̀dẹ kò lè jẹun láìsí àgbẹ̀, àgbẹ̀ kò lè ro oko láìsí ọkọ́ alágbẹ̀dẹ. Àwọn awalẹ̀pìtàn kò rí ààfin. Wọn kò rí ibojì ọba tí wọ́n kó ọrọ̀ jọ sí. Ohun tí McIntosh rí kà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan di ààyè tirẹ̀ mú, tí kò sí èyí tó gbé ìyókù mì.

Ẹnìkan yóò ní ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n tíì wà nínú òkìtì náà, pé ààfin lè wà nísàlẹ̀. Ó lè wà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ pé ọba la máa ń kọ́kọ́ gbà pé ó wà, tí àwọn ènìyàn tó jọ ń ṣètò ara wọn sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá?

Ní 1950, V. Gordon Childe to àmì mẹ́wàá tí a ó fi dá ìlú ìgbà láéláé mọ̀. Ilé ràgàjì wà nínú rẹ̀, ìwé kíkọ wà nínú rẹ̀, oúnjẹ tí àgbẹ̀ ń san fún òrìṣà tàbí ọba náà wà nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n yẹn ni ẹgbẹ́ méjì ń lò láàárín wa títí dòní. Àwọn kan ní orí igi la wà kí òyìnbó tó dé. Àwọn kejì ń fi àwòrán Mansa Musa àti wúrà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ láalẹ́, wọ́n ní ọba àti olorì ni gbogbo wa. Wọ́n rò pé ọ̀tá ni àwọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá ìdíwọ̀n kan náà ni wọ́n mú lọ́wọ́. Ọ̀làjú ni pé kí ojú là. Ojú alágbẹ̀dẹ Jenne-jeno kò ha là?

Ẹ wo Igbo-Ukwu náà. Níbi tí Isaiah Anozie ti ń gbẹ́ kòtò omi sí àgbàlá rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930 ló ti kan ohun èlò idẹ. Thurstan Shaw wa ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹsàn-án ni. Àwọn kan kọ̀ jálẹ̀ pé ó ti yá jù. Kì í ṣe pé kò sí ẹni ọlá níbẹ̀ o. Wọ́n bá ẹnì kan tí wọ́n sin ní ìjókòó pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n oyè lọ́tọ̀, ìjọba onídà lọ́tọ̀.

Kí ló wá kàn mí nínú rẹ̀? Àwọn ológun gbàjọba ní Málì ní 2020 àti 2021, ní Burkina Faso lẹ́ẹ̀mejì ní 2022, ní Niger ní 2023, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó kàwé dáadáa sì ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀gá líle nìkan ni ènìyàn dúdú mọ̀, pé bẹ́ẹ̀ la ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. N kò gbèjà àwọn olóṣèlú tí wọ́n lé kúrò. Ọ̀pọ̀ wọn ni ìjókòó ti lẹ̀ mọ́ nídìí. Ṣùgbọ́n "láti ìpilẹ̀ṣẹ̀" yẹn, irọ́ ni. Ní Málì gan-an ni irọ́ náà ti fọ́.

Lọ́dọọdún ni àwọn ará Djenné máa ń rẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí ńlá wọn. Àdúgbò ń bá àdúgbò figagbága, àwọn ọ̀dọ́ ń ru amọ̀, àwọn obìnrin ń pọn omi, ẹgbẹ́ bíríkìlà tí wọ́n ń pè ní barey ton ló sì ń sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ. Èyí ni mo fi dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé fún àwọn ọmọ wa, ẹ ya òkìtì 70 yẹn sínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìbéèrè tó wà lábẹ́ àwòrán náà jẹ́: báwo ni wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́?