Ológò Inú Fóònù

Ẹni tí ó yáni lówó kò dẹ́ṣẹ̀ bí ó bá béèrè owó rẹ̀. Bí owó òwò bá há sọ́wọ́ oníbàárà, òwò náà yóò kú. A kò rí ẹ̀bi nínú pé kí oníṣòwò gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ agbowó-gbèsè, kí ó sì fún un ní ìdá kan nínú ohun tí ó bá rí gbà.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun láàrin wa. Ológò a máa jókòó ti onígbèsè, a máa pariwo, a máa pa adìyẹ ilé jẹ, títí owó yóò fi jáde. Àwọn aláṣọ Ìjẹ̀ṣà tí ń tajà àwìn náà, òṣó ni wọ́n ń ló. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Ìwọ̀sí ni, ṣùgbọ́n kò kọjá agbo-ilé onígbèsè.

Ọ̀pọ̀ ayánilówó orí fóònù ti ré ààlà yìí kọjá. Wọn a kó orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù ayáwó. Bí ọjọ́ bá ti yẹ̀, wọn a ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, sí àna rẹ̀, àní sí aránṣọ rẹ̀, pé olè ni. Gbèsè wo ni aránṣọ jẹ?

Ní 2022 ni àjọ FCCPC gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn. Ìlànà ti 2025 sì fi ìtanràn tí ó lè tó 100 mílíọ̀nù náírà kún un. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 pẹ̀lú kò gbà kí a mú ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè lásán. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rí, ilé-ẹjọ́ gbèsè kékeré ti wà ní Èkó láti 2018, fún owó tí kò ju 5 mílíọ̀nù náírà lọ. Kí wọn gba ibẹ̀.