Sí Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Yá Ìwé: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Kọ Èrò Rẹ̀ Lórí Ìwé Tó Kà

Iṣẹ́ méjì ni èrò tí akẹ́kọ̀ọ́ girama kọ lórí ìwé tó yá ní ilé-ìkàwé ní láti ṣe. Ó ní láti jẹ́ kí ẹni tí kò tíì ka ìwé náà mọ irú ìwé tó jẹ́, ó sì ní láti sọ bóyá ó yẹ ní kíkà tàbí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìwòyí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Àkékúrú ìtàn ni wọ́n ń kọ, inú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà nítorí ìdánwò WAEC ni wọ́n sì ti ń dà á kọ. Wọn yóò wá fi kádìí rẹ̀ pé ìwé náà dùn, ó sì kọ́ni lọ́gbọ́n. Kò sí ìwé tí a kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, nítorí náà ẹni tó sọ ọ́ kò tíì sọ nǹkan kan.

Kí òǹkàwé Yorùbá máa kọ ohun tó rò sílẹ̀ kì í ṣe àṣà tuntun. Láàrin ọdún 1929 sí 1930, Isaac Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé obìnrin kan tó ti ṣe fàájì ayé Èkó rí, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà padà, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Kò sí olùkọ́ tó fi tipátipá mú wọn, kò sì sí máàkì tí wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n kà ló ká wọn lára.

Kíka ìwé náà tán ló ṣáájú ohun gbogbo. Àìgbọ́fá là ń wòkè, ifá kan ò sí ní párá. Ìdíwọ́ kan wà níbí tí kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀dọ́: ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ tó wà lórí pẹpẹ ilé-ìkàwé ni wọ́n fi àkọtọ́ àtijọ́ kọ, tí 'aiyé' dúró níbi tí ìwé òde òní ti ń kọ 'ayé', tí àmì ohùn kò sì pọ̀. Ẹni tó bá ka ojú ewé mélòó kan sókè ketekete yóò mọ̀ ọ́n. Sinimá kò sì lè rọ́pò kíkà. Túndé Kèlání fi Ó Le Kú ṣe fíìmù ní 1997, ó sì dára, ṣùgbọ́n ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974 ni wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Lẹ́yìn náà ni kí ó mọ ohun tí yóò sọ àti ohun tí yóò pa mọ́. Lórí Ó Le Kú, ó tó kí ó sọ pé Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, ń wá ìyàwó nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kán an lójú, àti pé Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí kò kan ẹni tí kò tíì kà á. Ti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tún le ju èyí lọ. Ẹni tó bá dárúkọ ọ̀daràn inú Owó Ẹ̀jẹ̀ tí Kọ́lá Akínlàdé kọ ti ba ìwé náà jẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, nítorí kí òǹkàwé lè máa bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Akin Olúṣínà wá ọ̀daràn náà ni òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́.

Ìdájọ́ ló ṣòro jù, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìkánjú ṣe. Ẹ̀rí ni a fi ń mọ ìdájọ́ tó dúró. Eré oníṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Nínú eré yìí, Ìyálóde Ìbàdàn kò rọ́mọ bí, ó sì ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà, lóyún, Ìyálóde sì ní kí wọ́n pa á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ pé Ẹfúnṣetán burú kò parọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ọmọdé tó jókòó wo eré náà lè sọ ni. Ó yẹ kí ó tọ́ka sí ibi tí ìkà náà ti hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu Ìyálóde, kí ó sì wádìí ohun tí òǹkọ̀wé fi àìrọ́mọbí rẹ̀ ṣe: ṣé kí àánú rẹ̀ lè ṣe wá ni, tàbí kí ẹ̀rù rẹ̀ lè bà wá?

Ó tún yẹ kí ó mọ̀ pé eré kì í ṣe ìtàn ìlú. Ẹfúnṣetán gbé ayé ní tòótọ́. Oníṣòwò pàtàkì ni, ó ní oko àti ẹrú púpọ̀, ó ń ta nǹkan ìjà fún àwọn ológun, ó sì bí ọmọbìnrin kan tó kú lórí ìkúnlẹ̀. Àárẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, yọ ọ́ lóyè Ìyálóde ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tí òpìtàn Bọ́lánlé Awẹ́ kọ nípa rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ìwà ìkà; ó gbé ìjà òṣèlú tó wà láàrin òun àti Látòósà yẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi eré wé ìtàn lè wá dájọ́ bóyá ó tọ́ kí òǹkọ̀wé yí ìgbésí ayé ẹni tó ti kú padà báyìí. Èyí tó wù kó fara mọ́, ó ti ní ìdí lọ́wọ́.

Kò sí òfin tó ní kí gbogbo ìwé àgbà dùn mọ́ ọmọdé. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, kún fún ẹ̀rù àti ẹ̀rín, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdẹ Àkàrà-Oògùn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́gbọ́n Ìrágbèje, ìwàásù gba orí ìtàn. Bí ìwàásù náà bá sú akẹ́kọ̀ọ́, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì dárúkọ ibẹ̀. Ohun tí kò bójú mu ni kí ó yìn ín nítorí orúkọ Fágúnwà, tàbí kí ó bú òǹkọ̀wé dípò kí ó sọ àléébù iṣẹ́ rẹ̀.

Bí a bá ń júwe ìwé fún ẹlòmíràn, ẹni tí yóò kà á ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹni tó fẹ́ràn eré sísá àti ìbọn, kí a fún un ní Àjà Ló Lẹrù (1969) tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, kí ó tẹ̀lé Lápàdé àti Tàfá Ìgìrìpá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá wọn jẹ lógún, kí ó ka eré Rẹ́rẹ́ Rún (1973) tí òǹkọ̀wé yìí kan náà kọ, kí ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Láwúwo, olórí àwọn òṣìṣẹ́. Fún ẹni tó fẹ́ ogun àti ìlú àtijọ́, Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí wà nílẹ̀.

Ilé-ìkàwé kò nílò ohun olówó gọbọi fún iṣẹ́ yìí. Kí olùtọ́jú ìwé fi ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan sórí tábìlì tí wọ́n ti ń yá ìwé, kí ojú ewé ọ̀tọ̀ sì wà fún ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ní èrò mìíràn lè kọ tirẹ̀ sábẹ́ ti ẹni ìṣáájú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dá ìwé padà sì kọ ìdajì ojú ewé síbẹ̀ kó tó yá òmíràn.