Ẹ Má Tíì Ta Ewúrẹ́ Yẹn, Kọ̀ǹpútà Kò Kú

Ìgbòho ni lẹ́tà tí mo mú lọ́sẹ̀ yìí ti wá, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ń ta èlùbọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fúnra rẹ̀ ṣe géèmù kan: ewúrẹ́ wọ oko iṣu, àgbẹ̀ ń lé e. Nílé, géèmù ń ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Ó wá gbé e lọ sí Ṣakí fún àwọn tí wọ́n fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á sẹ́nu iṣẹ́, ni géèmù bá yarí. Ewúrẹ́ kò jáde, àgbẹ̀ kò jáde. Ó padà dé Ìgbòho, ó ṣí i láti ibòmíràn lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò ṣí níbẹ̀ náà. Wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnìkan tí ń tún ẹ̀rọ ṣe sì ti ní kọ̀ǹpútà náà ti kú, kí wọ́n ra òmíràn. Ìyá wa ti fẹ́ ta ewúrẹ́ méjì, ewúrẹ́ gidi o, ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn.

Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ má tíì tà á. Ẹ ṣeun tí ẹ ní kí ọmọ da ohun tó jáde lójú ẹ̀rọ kọ sínú lẹ́tà yín. FileNotFoundError ló wà níbẹ̀. Ní èdè tiwa, ó ń wí pé: mo wá fáìlì, n kò rí i. Ẹ̀rọ tí ó wá nǹkan tí kò rí i, tí ó tún sọ fún ni pé òun kò rí i, ṣé òkú nìyẹn? Òkú kì í jíṣẹ́.

Ará Ìgbòho ni yín, ẹ mọ ìtàn Aláàfin Abípa. Nígbà tí Tápà ti lé Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho ni àwọn Aláàfin wá tẹ̀dó sí, mẹ́rin nínú wọn ló sùn sí Igbó Ọba títí dòní. Abípa ló ní ó tó, kí á padà sílé. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ rán abuké, arọ àti àfín lọ sí ahoro náà, kí wọ́n máa fi iná sáré kiri lóru, kí wọ́n máa ké bí iwin. Ọba kò sá o. Ó rán ọdẹ lọ wo ohun tó ń ké. Ọdẹ kó gbogbo wọn wálé, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n! Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀. Ọdẹ ni ọmọ yín nílò báyìí, kì í ṣe owó kọ̀ǹpútà tuntun.

Èdè Python ló fi kọ géèmù yẹn. Òjòlá kọ́ o. Guido van Rossum, ará Netherlands tó gbé e jáde ní 1991, fi orúkọ àwọn aláwàdà kan lórí tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ni. Pygame, irinṣẹ́ tó ń gbé àwòrán àti ohùn wọ géèmù, jáde ní 2000. Àwòrán ewúrẹ́ kò sí nínú ohun tí ọmọ yín kọ. Ọ̀tọ̀ ni ó wà, ní fáìlì tirẹ̀. Ohun tí ọmọ kọ kàn ń júwe ọ̀nà ibẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé yín ṣàlàyé. Ẹ rán ọmọ pé kí ó gbé èlùbọ́ wá ní yàrá ọwọ́ ọ̀tún. Bí ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà yín, á rí i. Bí ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ńkọ́? Yàrá onílé-onílé ni yóò wọ̀, á sì padà wá wí pé kò sí èlùbọ́. Èlùbọ́ kò sì kúrò níbi tó wà! Bẹ́ẹ̀ ni Python rí. Bí ọmọ bá kọ "aworan/ewure.png", inú fódà tí Python dúró sí nígbà tí wọ́n ṣí géèmù ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ìyẹn lè má jẹ́ fódà géèmù rárá.

Àwọn ọmọ mìíràn á wá sáré kọ àdírẹ́sì náà tán pátá, láti C:/Users, orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà, títí dé ìdí ewúrẹ́. N kò fara mọ́ ọn. Ta ló mọ orúkọ yẹn lórí kọ̀ǹpútà Ṣakí? Ìlà mẹ́ta yìí ni kí ẹ gé fún un:

from pathlib import Path
ILE = Path(__file__).resolve().parent
ewure = pygame.image.load(ILE / "aworan" / "ewure.png")

Kí ó dà á kọ bó ṣe wà, tòun ti ìlà ìsàlẹ̀ méjì-méjì tó há file láàrin. Ìlà kejì ń sọ fún Python pé ibi tí fáìlì géèmù fúnra rẹ̀ wà ni ilé, ibi yòówù tí wọn ìbáà ti ṣí i. Bí ó bá tún kọ̀, ọdẹ rèé: print(Path.cwd()). Yóò sọ ibi tí Python dúró sí. Pygame tòde òní pàápàá ń dárúkọ fódà tí òun ti wá àwòrán, nínú ìlà àṣìṣe yẹn kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ kà á dópin.

Kí ó tún yẹ orúkọ àwòrán wò dáadáa. Lójú Windows, Ewure.png àti ewure.png, ọ̀kan náà ni; lójú Linux, ẹni méjì ni. Windows a sì máa fi ìrù fáìlì pamọ́, kí ènìyàn rò pé ewure.png ni, kó sì jẹ́ pé ewure.png.png ni. Ìlà tó dagun sẹ́yìn, \, kí ó má fi ṣe ọ̀nà. Bí n bá tẹ̀lé e, Python á rò pé wọ́n ní kí òun bọ́ sí ìlà tuntun ni. Ìlà / dára lórí Windows náà. Èyí tó kàn yóò dun ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá: kí ó má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà to ẹ́ ju ẹyọ kan lọ, orúkọ méjì lè jọra lójú wa kí ẹ̀rọ máà mọ̀ wọ́n ní ọ̀kan. Nínú géèmù, kí ó kọ ewúrẹ́ tàmì-tàmì.

Kí ó tó padà sí Ṣakí, kí ó da gbogbo fódà sínú fíláàṣì, tòun ti fódà àwòrán, kí ó má mú fáìlì géèmù nìkan. Kí ó gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìgbòho níbẹ̀, kí ó rí i pé Python àti Pygame wà lórí rẹ̀, kí ó ṣí i. Bí ewúrẹ́ bá ti jáde, kí ó wọkọ̀. Bí kò bá jáde, ìyá mi, ìlà tó kẹ́yìn lójú ẹ̀rọ ni kí ẹ dà kọ sí mi, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yingin, kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tó pé.