Ọmọ Tó Ń Fọwọ́ Kan Ilẹ̀ Ń Kàwé

Ẹ̀yin òbí Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ìgbàgbọ́ kan ti jọba láàrin wa: pé ọmọ tó jókòó sí kíláàsì, tó ń da ọ̀rọ̀ ojú pátákó kọ, òun ló ń kàwé. Èyí tí tíṣà kó lọ sẹ́yìn ilé, tó lóṣòó ti kòkòrò, eré ló ń ṣe. "Ṣé kó lè máa tọwọ́ bọ yẹ̀pẹ̀ ni mo ṣe ń san owó iléèwé?" Irọ́ gbáà ni ìgbàgbọ́ yìí, ó sì ń pa àwọn ọmọ wa lára.

Ẹ pe ọmọ yín tó wà ní Pírámárì Fáìfù, kẹ́ ẹ ní kó sọ bá a ṣe ń dá ohun abẹ̀mí mọ̀. Wàrà ló máa kà á: MR NIGER D. Tó bá dé orí "I", á ní irritability. Ẹ bi í pé kí nìyẹn. Á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, patanmọ́ tó lè fi í hàn án wà létí gọ́tà tó ń fò kọjá láràárọ̀! Kí tíṣà mú un débẹ̀, kó fìka kan ewé kan. Ewé á máa pa dé ní méjì-méjì, láti ibi tí ìka ti kàn án lọ. Kí wọ́n ní sùúrù, á tún là. Omi ló sá kúrò nínú kókó kékeré tó wà nídìí ewé. Tómi bá padà, ewé á nà. Ọmọ tó rí i á béèrè bóyá ó máa ń pa dé lóru pẹ̀lú. (Ó máa ń pa dé.) Ìbéèrè yẹn gan-an ni sáyẹ́ǹsì.

Tanwíjí náà ńkọ́? Ẹ bu omi inú táyà àlòkù sínú ike, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọn á máa fò nínú rẹ̀. Ọmọ tó fojú ara rẹ̀ rí i ni yóò da omi táyà ilé yín nù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá. Ní iléèwé tiwa, ẹni tó bá pẹ́ dé ló ń gé koríko, olódo ni wọ́n ń rán lọ sóko. Báyìí la ṣe di ẹni tó ń rí ilẹ̀ bí ìyà. Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, wá kún: ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 èèyàn níbẹ̀, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o l'Ékòó. Oko di ilé, iléèwé kó sínú ilé àyágbé, wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ láti fẹ́ǹsì dé fẹ́ǹsì, àwa náà sì ń pè é ní ọ̀làjú.

Pátákó iléèwé mélòó ló gbé orúkọ Montessori kọ́ ládùúgbò wa! Maria Montessori, tó ṣí iléèwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù lọ́dún 1907, fẹ́ kí ọmọ kékeré máa tọ́jú ewéko àti ẹranko. Orúkọ rẹ̀ là ń sanwó fún, a ò gba iṣẹ́ rẹ̀. Nítòsí wa níbí, Táí Ṣólàárín dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956. Nígbà ayé rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń dáko, wọ́n ń sin ẹran. Iléèwé girama ni lóòótọ́, àmọ́ ta ló lè sọ pé ọwọ́ tó mú ọkọ́ níbẹ̀ kò mú kálàmù dáadáa?

Ọ̀rọ̀ ojú àwọn ọmọ náà tún wà níbẹ̀. Ní Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú ìta gbangba kún ọjọ́ iléèwé àwọn ọmọ pírámárì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí ọgbọ̀n ni kò ríran ọ̀ọ́kán mọ́; lọ́dọ̀ àwọn tí wọn ò kó jáde, ó sún mọ́ ogójì. Ọdún 2015 ni èsì náà jáde.

Ẹ ó ní kò sí ilẹ̀, ẹ ó ní títì Ìkọ̀tún léwu. Ta ló ní kí wọ́n kó ọmọ dé títì? Àpò ìrẹsì mẹ́wàá tí a rọ iyẹ̀pẹ̀ sí, lẹ́bàá ògiri, tó fún ẹ̀wà àti ewédú. Tẹ́ ẹ bá dé mítìǹ PTA, ẹ má béèrè iye kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n ń lò níta lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún hẹdimásítà pé kó yọ íńtálọ́ọ̀kì igun kan kúrò, kó má sì fi koríko gígé jẹ ọmọ kankan níyà mọ́.