Ojú Tó Wà Lókè Ti Rí Òkun, Kí Ìròyìn Rẹ̀ Dé Ọjà Ẹja

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ lóṣù yìí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé owó wa ń bẹ nínú òkun. Àwa là ń yá apẹja lówó epo ẹ́ńjìnì àti owó àwọ̀n kó tó wọ omi. Tó bá padà dé lọ́wọ́ òfo, ọrùn àwa méjèèjì ni gbèsè ọ̀hún wà.

Láti nǹkan bíi 2012 ni koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń ya bo etíkun wa. Ó ń fa àwọ̀n ya, ó ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì, tó bá jẹrà létí omi, òórùn rẹ̀ ò ṣeé fara dà. Òjijì ló ń bá wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjijì fún àwọn tó ń fi sátẹ́láìtì wò ó láti òkè. Ní 2018, wọ́n rí i láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé apá Mẹ́síkò, ó gùn ju 8,800 kìlómítà lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni epo rọ̀bì. Nígbà tí epo tú sínú òkun ní Bonga, ní 20 Oṣù Kejìlá 2011, ọjọ́ kejì ni sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù ti ya àwòrán rẹ̀. Èyí tó ń lo rédà ń ríran lóru, ìkùukùu ò sì dí i lójú. Òmíràn ń wo àwọ̀ omi, ó ń mọ ibi tí ewéko wẹ́wẹ́ inú òkun, tí ẹja kéékèèké ń jẹ, pọ̀ sí.

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ti òkun yàtọ̀ o! Ẹni tó wà lókè ló rí i, àwa tá a jókòó ti agbọ̀n ẹja ò rí nǹkan kan. Nàìjíríà náà rán NigeriaSat-1 lọ sókè ní 2003, ó rán NigeriaSat-2 ní 2011. Owó ìlú ni wọ́n fi ṣe é. Ṣé àwa ẹlẹ́ja ò sí nínú ìlú ni?

Ohun tá à ń bèèrè ò pọ̀. Kí ìjọba máa ka ìròyìn òkun lórí rédíò nírọ̀lẹ́, ní Yorùbá, ní Ìlàjẹ, ní Ẹ̀gùn, kí apẹja tó wọ omi lóru.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé apẹja mọ òkun ju ẹ̀rọ lọ. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Ojú omi ni sátẹ́láìtì ń rí, kò lè gbóòórùn ẹja. Torí ẹ̀ ni ká ṣe tiwa. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan. Tí òórùn epo bá wà lára ẹja, tàbí koríko dé, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó ti wá, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ akọ̀wé. Òun la ó fi kọ lẹ́tà sí ìjọba, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé kì í ṣeé sẹ́.

Òkun ò ní gbé owó wa lọ o. Ajé á wá.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́